Kí Ọmọ Kọ̀ọ̀kan Lè Rí Ilé Tirẹ̀ Nínú Ẹ̀kọ́ Ìtàn: Ìtọ́sọ́nà fún Olùkọ́ ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ẹ̀kọ́ ìtàn ti padà sí ilé-ìwé wa. Bíi 2009 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iṣẹ́ tí ọmọ ń kọ́ ní pírámárì àti JSS. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí ó padà wá dá dúró. Nígbà tó di 2025, wọ́n kéde pé dandan ni láti pírámárì kìíní títí dé JSS 3. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò ni pé olùkọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ báyìí, bí kò bá tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ṣeé ṣe kí òun alára má jókòó sí kíláàsì ìtàn rí nígbà tó wà ní JSS. Ìwé tí wọ́n bá fi lé e lọ́wọ́ ló máa kà síta. Ìwé ọ̀hún á sọ nípa Ọ̀yọ́, Kánò, Benin àti Sókótó, á fi ìlà mélòó kan ṣe Ìlọrin. Ìgbómìnà, Ìbọ̀lọ́ àti Èkìtì Kwara kì í sábà rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo kọ èyí fún. Ọmọ Pákátà, ọmọ Gàm̀bàrí, ọmọ Fúlàní, ọmọ Nupe láti Pàtígì, ọmọ Ìgbómìnà láti Ṣàárẹ́ àti ọmọ Igbo tí wọ́n bí sí ìgboro, gbogbo wọn lè jókòó sínú kíláàsì kan ṣoṣo níbí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ìtàn àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ń kọ́ òun. Ọ̀nà tí mo mọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kí ọmọ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà láti ẹnu tó ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ ṣe máa ṣe é ló tẹ̀ lé e yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ àwọn tó wà níwájú yín

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ẹ̀mù, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé kan, kí wọ́n lọ fi bèèrè ọ̀rọ̀ nílé. Kí ni orúkọ agbo-ilé wa? Níbo la ti ṣí wá kí a tó dé ibí? Iṣẹ́ wo ni wọ́n mọ ìdílé wa mọ́? Èdè wo ni ìyá tó bí ìyá mi ń sọ? Ta ló mọ oríkì wa kì? Bí wọ́n bá mú un padà, ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kà á.

Ìbéèrè nípa ìyá ìyá yẹn, ẹ má yọ ọ́. Ní Ìlọrin, ọmọ tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ lè ní ìyá àgbà tó jẹ́ Nupe tàbí Kànúrí, kó má sì tíì bi ara rẹ̀ léèrè rí bí ìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀. Bó bá mọ̀ ọ́n, ojú tó fi ń wo ẹni tó jókòó tì í á yàtọ̀.

Ẹ má ní kí ọmọ dìde kó sọ ẹ̀yà rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì. Ẹ má sì bèèrè bóyá ìdílé kan ṣe ẹrú rí. Ọjà ẹrú ńlá wà ní Ìlọrin ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sì wọ inú agbo-ilé, wọ́n bímọ, wọ́n di ọmọ ilé. A máa kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹrú, ó pọn dandan. Àmọ́ a kò ní náwọ́ sí ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ má ju ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba nù

Alábòójútó máa wá wo lẹ́sìn nóòtì yín, àkòrí tó wà nínú ìlànà ló sì máa wá níbẹ̀. Ẹ fi àkòrí náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ kàn fi tiwa há a láàárín. Níbi tí wọ́n bá ti kọ orúkọ Lugard, gómìnà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sí Àríwá, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé Lọ́kọ́ja ló ti gbé àsíá sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, pé ìpínlẹ̀ Kwara ni Lọ́kọ́ja wà títí di 1991, àti pé Jẹ́bà tí wọ́n ń gbà kọjá lọ sí Mọ́kwà ni ibùjókòó ìjọba Àríwá ti wà rí. Níbi tí wọ́n bá ti kọ orúkọ Royal Niger, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi kún un pé ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ yẹn ló ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni èyí ń gbà. Kò sí alábòójútó tó máa bínú sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pín pátákó sí ọ̀nà mẹ́rin

Ìtàn bí Ìlọrin ṣe dé ọ̀dọ̀ Ẹ́míà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣe é, nítorí òun ló gbóná jù. Àwọn àgbà ń jà lé e lórí títí dòní, àwọn ọmọ sì ti gbọ́ ìjà náà nílé. Bí wọ́n bá rí i pé a lè gbé e yẹ̀ wò ní kíláàsì láìsí pé ẹnì kan bú ẹnì kejì, ìtàn yòókù á rọrùn.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́ta, kí àyè mẹ́rin lè jáde.

Àyè kìíní wà fún ohun tí gbogbo ẹnu gbà. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, fi Ìlọrin ṣe ibùdó, ó sì kọ̀yìn sí Aláàfin. Ní 1817 àwọn ẹrú tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí nílẹ̀ Ọ̀yọ́ dìde, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sá tọ̀ ọ́ wá. Àlímì, àlùfáà tó jẹ́ Fúlàní, wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéwú. Ṣọlágbérú ni olórí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tó wà ní Òkè-Sùnà. Bíi 1824 wọ́n pa Àfọ̀njá. Abdusalami, ọmọ Àlímì, ló di Ẹ́míà àkọ́kọ́.

Àyè kejì wà fún ohun tí wọ́n ń sọ ní ilé Mágàjí Ààrẹ, ìyẹn ìdílé Àfọ̀njá: pé Láderin baba ńlá wọn ló jókòó síbẹ̀, pé àlejò ni Àlímì, pé ọwọ́ àlejò ni wọ́n ti gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́.

Àyè kẹta wà fún ohun tí wọ́n ń sọ lọ́dọ̀ Ẹ́míà: pé ìletò káàkiri ló wà níbẹ̀, tí kálukú ní olórí tirẹ̀, pé kò sí ẹnì kan tó jọba lórí gbogbo wọn rí, àti pé ẹ̀sìn àti ìmọ̀ràn àwọn ará ìlú fúnra wọn ló so wọ́n pọ̀ sábẹ́ ilé Àlímì.

Àyè kẹrin, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í yà sọ́tọ̀, ni ti àwọn tí ìjà méjèèjì yìí máa ń bò mọ́lẹ̀. Ọdẹ kan tó ń jẹ́ Òjò wà níbẹ̀, tí wọ́n ní ó ń pọ́n irin lórí òkúta tí wọ́n ṣì ń fi hàn èèyàn ní Ìdí-Àpe. Ìtàn mìíràn ní Ìbàrùbá kan ti dé ṣáájú òun náà. Ẹ fi àwọn ará Òkè-Sùnà sí i, àti àwọn Haúsá tí wọ́n ní Balógun tiwọn títí dòní, Balógun Gàm̀bàrí, tó jẹ́ ọ̀kan nínú Balógun mẹ́rin pẹ̀lú Alánámú, Ajíkobì àti Fúlàní.

Bí pátákó bá ti kún, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta lórí àyè kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Kí ló máa di tirẹ̀ bí a bá gbà á gbọ́? Kí ni ohun tí kò sọ? Ìbéèrè kejì yẹn ló máa ń jẹ́ kí ọmọ gbé orí sókè.

Òfin méjì ni kí ẹ fi lélẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́, kíláàsì wa kì í ṣe kóòtù, a kò ní dájọ́ ta ló ni ìlú. Èkejì, a kì í sọ pé “ẹ̀yin” àti “àwa”. Ọmọ ọdún méjìlá kò pa Àfọ̀njá, kò sì gba ìlú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì ṣì mí gbọ́ o, gbígbọ́ ẹnu púpọ̀ kò sọ irọ́ àti òótọ́ di ẹgbẹ́. Ọmọ tó bá kọ ọ́ pé Àlímì ni Ẹ́míà àkọ́kọ́ ti ṣì í kọ, ilé yòówù kó ti wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Ìwé náà ní ẹnu. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ojú ọmọ Ọ̀yọ́ ló sì fi wo Ìlọrin. Àwọn aáfà Ìlọrin náà kọ tiwọn sílẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Olùkọ́ Lárúbáwá tó wà nínú ilé-ìwé yín lè rí ojú ewé kan kà fún kíláàsì, kó túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ á dùn, àwọn ọmọ tó ń lọ kéwú ní ìrọ̀lẹ́ á sì rí i pé ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ wúlò nínú ìtàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ oríkì ìlú sórí pátákó: “Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀.” Tajá tẹran ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n wá ohun tó fi ara pamọ́ sínú rẹ̀: orúkọ tí àwọn kan nílùú kò fẹ́ kí wọ́n fi pe ìlú mọ́, àwọn ẹlẹ́ṣin tí ogun Ìlọrin fi lókìkí, àti bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe gba ipò eégún. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ Ọ̀fà kó ki tiwọn, “Ìjàkadì lorò Ọ̀fà,” kí wọ́n wá fi orò méjèèjì wé ara wọn. Ẹ jẹ́ kí ó ki í dáadáa, kí ó má sáré.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá ẹni tí kì í ṣe ọba

Ọba, ìjòyè, jagunjagun: ọmọ lè kọ́ ìtàn fún ọdún mẹ́ta kó má bá èèyàn mìíràn pàdé. Ẹ̀rí nípa àwọn yòókù sì wà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Ali Eisami. Kànúrí ni, ọmọ Borno, bàbá rẹ̀ jẹ́ màlámù. Wọ́n kó o lẹ́rú, wọ́n tà á títí ó fi dé Ọ̀yọ́ ilé. Nígbà tí ogun 1817 bẹ́ sílẹ̀, tí ẹrú tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń di òmìnira, ẹ̀rù ba ọ̀gá rẹ̀ pé òun náà á sá, ló bá yára tà á lọ sí etí òkun. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tó kó wọn, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown ní 1818, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ ní William Harding. Ó ti dàgbà kó tó rọ́ ìtàn ara rẹ̀ ní Kànúrí fún Koelle, ará Jámánì tó ń kọ́ nípa èdè wa, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1854.

Ẹ wo ohun tí ìtàn ọkùnrin kan yìí ṣe fún kíláàsì. Ogun Àfọ̀njá tí wọ́n ti kọ́ láti ẹnu àwọn ńláńlá, wọ́n á gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tí wọ́n tà nítorí rẹ̀. Ọmọ Kànúrí tó wà nínú kíláàsì, bí ó bá wà, á gbọ́ pé ọmọ ilé rẹ̀ wà nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn. Ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà kan, bí ẹni pé àwọn ni Ali lálẹ́ ọjọ́ tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta òun. Ẹ fún wọn láyè, ẹ má dá wọn dúró.

Ti obìnrin, ẹ kó wọn lọ sí Dáda tàbí Òkèlélé, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò. Kí wọ́n bèèrè ẹni tó kọ́ ìyá níṣẹ́, ẹni tó kọ́ ẹni yẹn, ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀, àti àwọn ìlú tí ìkòkò wọn ń dé láyé àtijọ́. Ìtàn òwò ni wọ́n ń kọ yẹn, ẹnu àwọn tó ṣe é ni wọ́n sì ti ń gbọ́ ọ. Fún ọmọ Fúlàní tí ìdílé rẹ̀ ń sin màlúù, ẹ ní kó sọ ọ̀nà tí bàbá àgbà rẹ̀ ń dà wọ́n gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò, kí kíláàsì yà á sórí àwòrán ilẹ̀. Ní àkókò tí ìjínigbé ti mú kí àwọn èèyàn máa fi ojú ọ̀daràn wo gbogbo darandaran, ẹ̀kọ́ ọ̀sán kan bí èyí lè gba ọmọ kan lọ́wọ́ ìyà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ní gúúsù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ẹ̀síẹ̀

Àwọn olùkọ́ Òmù-Àrán, Òró, Àjàṣẹ́-Ìpo, Ọ̀fà àti Òsì ní ohun tí a kò ní ní Ìlọrin. Àwọn ère òkúta tó wà ní Ẹ̀síẹ̀, ìlú kan nílẹ̀ Ìgbómìnà, lé ní ẹgbẹ̀rún kan: ọkùnrin, obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí, irun wọn tò lórí, àwọn kan ní ilà lójú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí fún wọn ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ìwé máa ń sọ pé ọdún 1933 ni Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé ìjọ CMS, “ṣàwárí” wọn. Ẹ kọ gbólóhùn yẹn sórí pátákó gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, kí ẹ wá bi wọ́n pé: àwọn ará Ẹ̀síẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ àwọn ère náà kí Ramshaw tó dé, kí ni àwọn ṣe? Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tún gbólóhùn náà kọ, kí ó má sì parọ́ mọ́ Ramshaw, kí ó má sì yọ Ẹ̀síẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá lè kó wọn lọ, ẹ ní kí kálukú yan ère kan ṣoṣo, kó jókòó níwájú rẹ̀, kó yà á, kó sì kọ ohun tó rí kó tó kọ ohun tí wọ́n sọ fún un. Irun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Bí ẹ kò bá lè lọ, àwòrán lórí fóònù tó.

Ogun náà wà. Àjẹ́lẹ̀ Ìlọrin àti ti Ìbàdàn, ìyẹn aṣojú tí wọ́n fi ń ṣàkóso ìlú, jọba lórí àwọn Ìgbómìnà, ogun Jálumi láàárín Ìbàdàn àti Ìlọrin pẹ̀lú àwọn alájọṣe rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní 1878, Ọ̀fà sì ṣubú sọ́wọ́ Ìlọrin bíi 1890. Ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Ìlọrin kì í gbọ́ èyí bákan náà nílé. Pátákó ọlọ́nà mẹ́rin yẹn náà ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá mọ olùkọ́ kan ní ìhà kejì, ẹ jẹ́ kí kíláàsì méjèèjì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ nílé nípa Ọ̀fà sínú ìwé, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fèsì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹ ṣe máa pe àgbà wá sí kíláàsì

Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ sílé wọn. Ẹ má fi lẹ́tà ránṣẹ́, ẹ má sì tẹlifóònù. Ẹ lọ kí wọn lẹ́yìn ìrun Àsárì tàbí lọ́sàn-án Sátidé, ẹ mú obì tàbí ohun tó bá ìdílé náà mu dání, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín pé ọmọ ta ni yín. Kí ẹ tó kúrò, ẹ ṣàlàyé pé a máa gbọ́ ti àwọn mìíràn náà. Àgbà tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í bínú. Ẹni tí wọ́n fi pamọ́ fún ni yóò gba ọ̀rọ̀ náà sí àrífín.

Ẹ pe ìyá àgbà, kì í ṣe bàbá nìkan. Ìyá tó fẹ́ wọ inú ilé kan láti ìlú mìíràn mọ ìtàn méjì.

Lọ́jọ́ náà, kí àwọn ọmọ ti kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀. Ìbéèrè tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, báwo ni...” ló máa ń mú ọ̀rọ̀ jáde jù. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó tẹ fóònù láti gba ohùn, ẹ bèèrè ohun tí wọn kò fẹ́ kí a tún sọ, ẹ má sì tún un sọ. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ mú ohun tí kíláàsì kọ padà lọ fún wọn, kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Òbí tó bá wá bínú

Wọ́n máa wá. Bàbá kan á ní ẹ ń kọ́ ọmọ òun ní ìbọ̀rìṣà nítorí ère Ẹ̀síẹ̀; pásítọ̀ kan á bèèrè ìdí tí ọmọ ìjọ òun fi ń kọ́ nípa Àlímì; àlùfáà kan á ní ọ̀rọ̀ eégún kò yẹ ní ilé-ìwé. Ẹ má ṣe àwíjàre. Ẹ ṣí ìwé ọmọ náà fún wọn. Ẹ fi hàn wọ́n pé a kọ ọ́ pé “àwọn ará Ẹ̀síẹ̀ ń ṣe báyìí,” pé a kò kọ ọ́ pé “ẹ lọ ṣe báyìí.” Ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ẹjọ́ yín dúró lé, nítorí náà ẹ rí i pé kò yẹ̀ nínú nóòtì kankan. Kí ọmọ oníṣẹ̀ṣe náà sì lè sọ ohun tí wọ́n ń ṣe nílé rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Ẹ lè fi Moshood Bámigbóyè ará Odò-Ọwà hàn wọ́n. Agbẹ́gi ni, ó kú ní 1975, orúkọ Mùsùlùmí ló ń jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló sì gbẹ́ àwọn ère Èpà ńláńlá, tí wọ́n ń gbé sórí jó níbi ọdún, tí Yunifásítì Yale kó jọ fi ṣe ìpàtẹ ní Amẹ́ríkà ní 2022. Ọ̀pọ̀ òbí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ Èkìtì Kwara ló ti wá.

Ẹ sọ fún pírínsípà yín ṣáájú. Kó má jẹ́ ẹnu òbí ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ tún ìdánwò ṣe

Gbogbo iṣẹ́ yìí máa bàjẹ́ bí ìbéèrè ìdánwò bá ṣì jẹ́ “Ta ló tẹ Ìlọrin dó?” tí ìdáhùn kan ṣoṣo sì wà. Ẹ fi ìbéèrè orúkọ àti ọdún sílẹ̀ fún bí ìdajì máàkì, nítorí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ nǹkan. Ìdajì kejì, ẹ béèrè irú èyí: “Sọ ohun méjì tí ilé Mágàjí Ààrẹ àti ààfin Ẹ́míà jọ gbà, àti ohun kan tí wọ́n kò gbà.” Tàbí: “Yan ènìyàn kan tí kì í ṣe ọba, kí o fi ìtàn rẹ̀ ṣàlàyé ogun 1817.” Tàbí: “Tún gbólóhùn yìí kọ kí àwọn ará Ẹ̀síẹ̀ lè wà nínú rẹ̀.”

Bí ẹ bá ń fún wọn ní máàkì, ẹni tó kọ ẹnu méjì, tó sì sọ ibi tó ti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tó kọ ẹnu kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ kọ ọ́ dáadáa, kó má kọjá ìdajì. Ọmọ tó bá fi ẹnu ilé rẹ̀ sí i, tí ẹ̀yin fúnra yín kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, ẹ fún un ní máàkì, kí ẹ sì lọ bá àwọn òbí rẹ̀ láti bèèrè sí i. Ẹ kọ òfin máàkì yìí sí ẹ̀yìn ìwé àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí òbí náà lè rí i.